Tíṣà Tí Kì Í Gba Èènì

Ní Èjìgbò ni ọkùnrin kan wà tí kì í gba èènì. Olùkọ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é títí dòní. Bí ó bá lọ ra ẹ̀wà, tí oníẹ̀wà wọn ẹ̀wà tán, tí ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, Tíṣà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ náà padà sínú agbọ̀n. "Iye tí mo san owó rẹ̀ ni mo fẹ́," ni yóò wí. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìwà ọmọlúàbí. Àwọn tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ̀ pé ẹni tí kò lè gba ohun kékeré lọ́wọ́ ènìyàn, ara rẹ̀ ló ń gbé ga. Ìgbéraga ni, ó kàn wọ aṣọ ìwà tútù ni.

Má tíì sọ pé kò burú. Ó burú, ìwọ náà á sì rí i láìpẹ́.

Tíṣà yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Àbíjàn. Bí o bá mọ Èjìgbò, ìyẹn kò ní yà ọ́ lẹ́nu, nítorí kò sí agboolé kan níbẹ̀ tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn. Bí ará ìlú mìíràn ṣe ń sọ pé òun ń lọ sóko ni ará Èjìgbò ṣe ń sọ pé òun ń lọ sí Àbíjàn. Ìyá àwọn méjèèjì kú nígbà tí Tíṣà ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun ló ra sílétì fún un, òun náà ló forí lé Àbíjàn láti lọ ta aṣọ, kí owó ilé-ìwé àwọn olùkọ́ lè jáde. Owó náà jáde, Tíṣà di tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò padà wá gbé ilé mọ́. Ìgbà tí wọ́n sin bàbá wọn ló wá gbẹ̀yìn. Nígbà tí Tíṣà ń gbéyàwó, aṣọ ló fi ránṣẹ́. Kò fojú kan ìyàwó náà rí.

Ọdọọdún ni Tíṣà ń sọ pé òun ń bọ̀ wá wò ó. Ọdún á yí, Tíṣà á sì tún un sọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bà jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń bà jẹ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù.

"Àjàgbé," ó fi oríkì pè é, "dókítà ní ojú mi méjèèjì ń lọ. Ó ní bí ọyẹ́ bá fi máa dé, mi ò ní ríran mọ́. Mi ò bẹ̀rù òkùnkùn o. Àmọ́ ó wù mí kí n rí ojú ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n sì rí ojú ìyàwó ẹ. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ń bọ̀," Tíṣà dáhùn. "Ọyẹ́ ò ní dé bá wa nílé."

Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, kò sì sí ibi tí yóò gbà yẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìjókòó mẹ́rin ni wọ́n nílò nínú ọkọ̀: méjì àlọ, méjì àbọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì Tíṣà ń wọlé nígbà tó bá wu àwọn tó ń san án. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sùwébà, ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ fún àwọn aránṣọ. Bí wọ́n bá ti rí owó díẹ̀ kó sínú àpótí, nǹkan á ti ibì kan yọjú sí i. Òrùlé á jò. Ọmọ àbúrò á fẹ́ ṣe ìdánwò. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á bu owó lé olúkúlùkù lórí. Owó inú àpótí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti rán òun níṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é ló ń bá lọ.

Ní àkókò yẹn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Àbíjàn. Èrò kò tíì mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń wá ojúrere. Wọ́n gbé káàdì kan jáde, wọ́n pè é ní káàdì ẹ̀bùn. Bí o bá fi fóònù san owó káàdì náà, wọ́n á dá díẹ̀ padà sínú fóònù rẹ lójú ẹsẹ̀: nínú náírà márùn-ún, ẹyọ kan ń padà. Nígbà tó bá wù ọ́, wàá kó káàdì rẹ lọ sójú fèrèsé wọn, wọ́n á sì gé tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ bí ẹni pé owó lo kó wá. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ó wù wọ́n kí ènìyàn tètè sanwó ni, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti ra káàdì àwọn kò ní bá ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Tíṣà lọ ṣe ìwádìí. Ọmọbìnrin tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

"Ẹ̀bùn fún ta ni?" Tíṣà béèrè.

"Fún ara yín, sà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rà á fún ara wọn."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹni tó bá fún ara rẹ̀ lẹ́bùn, ta ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ta?"

Ọmọbìnrin náà bojú wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ nílé iṣẹ́ pé èrò ọkọ̀ kan lè béèrè irú ìyẹn. Tíṣà dorí kọ ilé pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó borí nínú àríyànjiyàn. Kò sì ní ìjókòó kankan nínú ọkọ̀.

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bí àwàdà. Ìyá Sùwébà ń to òwú sínú páànù lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tò ó tán, ó gbójú sókè.

"Bàbá Sùwébà, ṣé ẹ lè fún mi lẹ́bùn?"

"Kí ló dé tí mi ò ní lè fún ọ?"

"Ṣé èmi náà lè fún yín?"

"O ti ń fún mi látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ra káàdì tiyín fún mi, kí èmi náà ra tèmi fún yín. Kò ní sí ẹni tó fún ara rẹ̀ lẹ́bùn nínú ilé yìí."

Tíṣà ronú sí i. Ó wá ibi tí àbùkù wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òwe yẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì. Ó dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a gbé pẹ́, ó sì mọ̀ pé bí Tíṣà bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bí owó kékeré kan bá bọ́ sí Tíṣà lọ́wọ́, á fi ra káàdì kékeré kan fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò jẹ́ kí ó di ọ̀la, torí owó tó bá sùn nínú ilé yẹn, ẹnìkan á ti pè é lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá Sùwébà á kúnlẹ̀ dúpẹ́, Tíṣà á sì ṣàdúrà fún un. Bí òwú bá tà, obìnrin náà á ra tirẹ̀ fún ọkọ. Tíṣà á dìde dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á sì ki oríkì ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Wọn kò fi í ṣe eré. Àwọn aládùúgbò ló ń fi í ṣe eré.

"Ẹ wá wo arúgbó méjì tó ń fi páálí fẹ́ra," ni wọ́n ń wí.

Kí wọ́n máa wí. Ó ti pẹ́ tí Tíṣà ti ki oríkì ìyàwó rẹ̀ gbẹ̀yìn, inú obìnrin náà sì ń dùn.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Ní ọjọ́ tí Tíṣà ra káàdì àkọ́kọ́, fóònù rẹ̀ dún, owó wọlé. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó wọ bàtà, ó di ojú fèrèsé ọmọbìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì.

"Owó kan ṣìnà wọ inú fóònù mi."

"Kò ṣìnà o, sà. Tiyín ni. Èyí tí mo sọ fún yín nìyẹn, pé a máa ń dá díẹ̀ padà."

"Mo ra ọjà, mo sanwó ọjà. Kí lẹ tún ń fún mi?"

"Ẹ sáà kà á sí èènì, sà."

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó sọ gan-an nìyẹn. Tíṣà ní kí ó gba owó náà padà kíákíá. Ọmọbìnrin náà ní kò sí ọ̀nà tí òun lè gbà á. Wọ́n wo ara wọn títí, èrò tó wà lẹ́yìn Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Tíṣà padà sílé, ó sì búra pé owó yẹn kò ní ti ọwọ́ òun ra nǹkan kan. Bí ó ti ń ra káàdì ni èènì ń wọlé, bí ó ti ń wọlé náà ló ń jókòó sínú fóònù, kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, bí èènì bá ti wọlé, á fi kún owó káàdì tó kàn. Kò polongo rẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó yìn ín.

"Bàbá Sùwébà, ẹ lo owó yẹn," obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́. "Òjò ń lọ sópin."

"Atọrọjẹ ni wọ́n fẹ́ sọ mí dà," Tíṣà á fèsì. Ó wù mí kí n lù ú.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù tó ń fi àwòrán hàn. Ojú rẹ̀ kún inú fóònù bámúbámú, torí ó ti gbé e sún mọ́ ara rẹ̀ jù. Tíṣà rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín padà.

"Àjàgbé, ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀ yẹn, àbí ògiri ni mò ń wò?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Sọ̀rọ̀ sí i, kí n lè mọ̀ pé ìwọ ni."

Tíṣà gbé fóònù lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sunkún níbẹ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ti ń sá fún láti kékeré ló lé e bá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń pọ̀n ọ́n kiri ọjà, owó oúnjẹ bàbá wọn nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èènì ló ń tọrọ. Á ra àkàrà ẹyọ kan, á bẹ alákàrà kó fi díẹ̀ sí i. Á ra ẹ̀kọ, á bẹ ẹlẹ́kọ kó bu díẹ̀ sí i. Ohun tó rà, wọ́n á gbé e lọ fún bàbá wọn nílé. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ. Nígbà tí Tíṣà wọ ilé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọmọ Èènì. Ìtìjú ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ni àgbàlagbà yìí ṣì ń gbé kiri ọjà, tí ó ń fi bu ẹ̀wà padà sínú agbọ̀n. Ẹni tó tọrọ kò tijú. Ẹni tó jẹ ẹ́ yó ni ojú ń tì.

Ó wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó gba fóònù, ó kó gbogbo èènì tó ti sùn síbẹ̀, ó fi ra káàdì kan ṣoṣo tó tóbi fún ìyàwó rẹ̀. Kí ó tó sọ fóònù kalẹ̀, ó tún dún. Èènì ti wọlé lórí èènì. Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ìyá Sùwébà fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, Tíṣà dì í mú lápá kó má kúnlẹ̀.

"Èmi ni kí n dúpẹ́," ó ní.

Àṣé bí wọ́n bá tú ẹni tí wọ́n ti dè pẹ́ sílẹ̀, eré ló máa ń sá. Tíṣà tí kì í gba èènì wá ń wá èènì kiri inú fóònù. Ó rí ilé oúnjẹ kan tí èènì káàdì tirẹ̀ ju ti ilé ọkọ̀ lọ. Ó rí òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń dá ìdajì owó padà. Ó ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló fẹ́ lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì?"

"Ìdajì ni wọ́n ń dá padà, Ìyá Sùwébà! Ìdajì!"

"Ìdajì kejì ńkọ́, ta ni yóò dá ìyẹn padà fún yín? Orí ẹ̀wà ni wọ́n ń bu èènì ẹ̀wà lé. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ̀wà, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Tíṣà fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ọ̀nà Àbíjàn nìkan ni wọ́n ń rìn, káàdì ọ̀nà Àbíjàn nìkan ni wọ́n ń rà.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tún dé, wọ́n bu owó lé olúkúlùkù lórí. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, àpótí á ṣí, Àbíjàn á sì tún jìnnà sí i. Tíṣà fi ìjókòó lọ̀ wọ́n, ó tẹ́ káàdì síwájú wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ bàbá mi, owó mi ti wọkọ̀ ṣáájú mi. Ẹ jẹ́ kí n lé e bá. Bí mo bá dé, màá san tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó lọ ire, kí ó bọ̀ ire. Bí ó bá ṣe owó ni káàdì wọ̀nyẹn, wọn kì bá tí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ń dá, tọkọtaya náà kó gbogbo káàdì wọn sínú àpò, wọ́n gbé e lọ sójú fèrèsé. Ọmọbìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì kà wọ́n. Ó gé méjì fún àlọ, ó gé méjì fún àbọ̀. Tíṣà ti ń yípadà láti lọ.

"Ìjókòó kan ṣì kù, sà."

"O ti ṣì í kà. Mẹ́rin la ra."

Ó tún un kà lójú wọn. "Owó yín ra mẹ́rin lóòótọ́, sà. Èènì ló ra ìkarùn-ún. Àlọ ni kí n kọ àbí àbọ̀?"

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá Sùwébà ti ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. Kò sí ẹni tó dá àbá náà, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

"Àbọ̀ ni," Tíṣà dáhùn.

"Orúkọ ta ni kí n kọ sí i?"

A kì í la orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹni mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ "ẹ̀gbọ́n mi" sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Tíṣà ṣí fìlà, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Sìfáwù." Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ lè gbọ́. "Ọmọ mi, ẹ̀bùn nìyí! Èyí gan-an ni ẹ̀bùn!"

Wọ́n gba Ṣẹmẹ̀ kọjá, wọ́n la Kùtọnù, wọ́n la Lómè, wọ́n la Akra. Ẹsẹ̀ Tíṣà wú, ẹ̀yìn ń dun ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ráhùn nínú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Àbíjàn, ẹ̀gbọ́n ti wà ní ibùdókọ̀, ó wé gèlè tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, aládùúgbò kan sì dì í lọ́wọ́ mú. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dìde," ẹ̀gbọ́n ní, "ilẹ̀ ti jìnnà sí ojú mi. Gbé ojú ẹ wá síbí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ojú àbúrò rẹ̀, ó fà á mọ́ra títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó wò ó. Ó wò ó dáadáa. Gbogbo ibùdókọ̀ gbọ́ igbe tó ké.

"Àjàgbé! O ti hewú! Ojú bàbá wa lo gbé wá yìí!"

Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó tó kúnlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wo tirẹ̀ náà. "Ìwọ lo ni ohùn yẹn," ó ní. "Ojú ẹ dára ju bí mo ṣe rò lọ."

Tíṣà fi tíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. "Ìjókòó yín nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. A wá mú yín relé ni."

"Ta ló rí owó yìí san?"

"Ẹnikẹ́ni ò san án. Èènì ni."

Obìnrin àgbà náà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀, àwọn ojú tó ń lọ yẹn. "Èènì tí mo fi bọ́ ẹ ló wá gbé mi relé! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Àbíjàn, èènì ló wá gbé mi!"

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fi í jókòó sí nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Bí ọkọ̀ ti wọ Èjìgbò, ó ń dárúkọ ohun tó ń rí fún ìyàwó àbúrò rẹ̀: ilẹ̀ pupa, mọ́ṣáláṣí, ilé bàbá wọn. Ọyẹ́ dé lẹ́yìn náà, ojú sì ṣókùnkùn bí dókítà ti wí. Òkùnkùn náà bá a nínú ilé tí wọ́n bí i sí, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ti rí gbogbo ohun tó fẹ́ rí.

Ìwọ tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, o ní owó kò tó láti lọ wo àwọn tó tọ́ ọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń dá padà fún ọ, tí o kò wò, tí o ní kò tó nǹkan, tí ojú ń tì ọ́ láti béèrè, ṣé o ti bi ara rẹ léèrè ẹni tó lè gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ra ọ̀nà tí o fẹ́ rìn nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, má ra ọ̀nà tí o kò ní rìn nítorí èènì, bí èènì bá sì dé, dá a padà sójú ọ̀nà kan náà. Ìtìjú rẹ kò sanwó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Dìde, lọ gbà á. Ẹni tó ń retí rẹ kò ní béèrè bóyá owó ńlá lo fi wá. Ojú rẹ ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì mú.